Ohun Tí Àgbà Mọ̀ Ni Kí Á Fi Bẹ̀rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa tí wọ́n ti dàgbà ni, pàápàá àwọn tí wọ́n ń gbé nínú ilé ìtọ́jú àgbà. Kí ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́? Ta ni ó ń ṣètò rẹ̀ fún wọn? Báwo ni a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní di yẹ̀yẹ́?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ ọmọ ni àgbà tiwa ń gbé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Tógò níbí, ilé ọmọ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà wà, ilé ìtọ́jú àgbà kò sì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ọmọ ẹlòmíràn wà ní Abidjan, ti ẹlòmíràn wà ní Libreville, ti ẹlòmíràn wà ní Paris. Àgbà mìíràn kò bímọ. Àgbà mìíràn bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní Èkó, ìjọba ní ilé àwọn àgbà ní Yaba, àwọn Kátólíìkì náà sì ní ọ̀kan ní Mushin tí wọ́n ń pè ní Regina Mundi. Ẹni tí ó bá sọ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè kan òun, kó má tíì búra.

Ohun mìíràn ni pé àgbà lè wà nílé ọmọ rẹ̀ kó sì dá wà. Ọmọ lọ sọ́jà, ọmọ-ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí tí oòrùn fi wọ̀, kò sẹ́ni tí ó bá a sọ ju "Bàbá, ẹ káàárọ̀" lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wúlò fún irú ilé bẹ́ẹ̀ náà.

Àṣìṣe tí mo ṣe

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé ìtọ́jú kan ní Lomé, pé kí n máa wá bá àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe nǹkan ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Inú mi dùn. Mo gé páálí, mo ya ajá sí ọ̀kan, mo ya ife sí èkejì, mo ya bọ́ọ̀lù sí ẹ̀kẹta, mo kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà sí abẹ́ wọn. Mo tún múra orin tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi máa ń kọ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí.

Nígbà tí mo dé, mo to àga bíi ti kíláàsì, gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo gbé páálí sókè, mo ní, "Ó yá, kí gbogbo wa pè é: A, ajá!" Àwọn díẹ̀ pè é kí ojú má baà tì mí. Bàbá kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, aránṣọ ni nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ó wò mí títí. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, ajá tí o yà yìí, mo ti sin irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni bàbá náà kò fi jáde bí mo bá dé.

Ìyá tí ó ń se oúnjẹ nínú ilé náà ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ẹni tí ó ń wá síbí ló ń mú nǹkan wá fún wọn. Èmi kò tíì rí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn náà ní." Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo ṣe àṣìṣe, ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe?" Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i. Ọmọdé ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Kumasi ní Gánà, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àìmọye Yorùbá ló di ẹrù wọn. Bàbá yìí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, ó gba Aflao wọ Lomé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ́tò lọ sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹnìkan gba òun sílé ní Anagokomé, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ti àwọn Ànàgó ni, ìyẹn àwa Yorùbá. Ó dúró síbẹ̀. Ó ránṣọ ní Lomé ju ogójì ọdún lọ.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo gbé páálí ajá wá fún!

Agbọ̀n aṣọ

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, n kò mú páálí dání. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn aránṣọ, mo tọrọ àjákù àǹkárá, mo kó o sínú agbọ̀n. Mo to àga ní òbìrìkítí, mo gbé agbọ̀n sí àárín. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, n kò mọ orúkọ àwọn aṣọ wọ̀nyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ẹ rántí pé ìlú aṣọ ni Lomé. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá ọjà Assigamé ló ń ra aṣọ Hollandais lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, tí wọ́n ń tà á fún àwọn oníṣòwò láti ìlú púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan lówó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ra ọkọ̀ Mercedes-Benz, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Àwọn ni wọ́n ń fún aṣọ lórúkọ, orúkọ náà ló sì ń tà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, owó CFA já sí ìdajì, aṣọ òkèèrè wọ́n gógó, ọjà wọn sì dín kù gan-an. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, iná jó ilé ọjà ńlá náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìyá arúgbó kan ní Lomé tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má rò pé kò mọ nǹkan. Ó lè jẹ́ pé ogún ọdún ìṣòwò ló ń rò lọ́kàn.

Ìyá kan wà nínú ilé náà tí àwọn òṣìṣẹ́ rò pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún un, ìdáhùn rẹ̀ ni, "Ó dáa." Ìyá yìí mú àjákù kan nínú agbọ̀n, ó fi ìka ra á, ó gbé e símú, ó ní, "Èyí kì í ṣe Hollandais. Àfarawé ni." Ó mú òmíràn, ó ní, "Èyí ni ojúlówó." Ẹ̀kẹta ní àwòrán ẹyẹ tí ó ń fò jáde nínú àgò. Mo bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Si tu sors, je sors." Ìyẹn ni pé, bí ìwọ ọkọ bá jáde, èmi náà á jáde! Gbogbo àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín.

Aránṣọ wa gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ aṣọ níbẹ̀ láìpe aránṣọ?" Ó jókòó. Kò pa ètò jẹ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ó yá, ìyá na etí aṣọ kan sí mi. Ẹ mọ̀ pé aṣọ Hollandais máa ń ní ìwé ní etí rẹ̀. Ó ní, "Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń wo nǹkan yìí. Bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ojúlówó ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó sọ ohun tí ó wí fún mi rí." Mo kà á fún un: Vlisco. Mo ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe aṣọ náà ni, ní ìlú Helmond ní ilẹ̀ Holland, àti pé láti ọdún 1846 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èyí tí ó lọ́ bí ejò yìí ńkọ́?" Mo ní, "S ni, ìyá."

Ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ìwé bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà. Kì í ṣe láti ara ajá. Láti etí aṣọ ni.

Ẹ̀yin ará wa, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ mi nìyí: bí ẹ bá ń ṣètò fún àgbà, ohun tí àgbà mọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà fún yín ní nǹkan. Àwọn bàbá wa sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni kí ẹ wá lọ. Eré tí àgbà kàn jókòó wò, kì í pẹ́ sú u. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ òun níbẹ̀, kì í sú u.

Bí a ṣe ń ṣètò

Ẹ jẹ́ kí á mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ béèrè. Ẹ ra ìwé àjákọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ bi í ní òun nìkan, kì í ṣe láàárín èrò: Kí ni ẹ fẹ́ kí á máa pè yín? Níbo ni ẹ gbé dàgbà? Èdè wo ni ẹ fẹ́ràn láti sọ? Iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe? Kí ni ẹ kò fẹ́ rárá? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá etí rẹ̀ dí, bóyá ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ìgbà tí ó ń lo oògùn, ìgbà tí ó ń kírun tàbí tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má pe Alhaja ní "màmá arúgbó". Orúkọ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún un níta, òun náà ni kó máa jẹ́ nínú ilé.

Èkejì, ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Àga tí ó ní ìfẹ̀yìntì àti ibi tí a ń gbé apá lé ló dára, kì í ṣe àpótí. Ẹ tò ó ní òbìrìkítí kí kálukú lè rí ojú ẹnìkejì. Ẹ ká ẹní àti okùn kúrò nílẹ̀, nítorí ìṣubú kan ṣoṣo lè dá àgbà sórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù púpọ̀. Kí ibi ìtọ̀ má jìnnà. Ní àsìkò ooru, bíi oṣù kẹta ní Lomé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ òjìji. Ẹ gbé omi sí tòsí, kí ẹ sì máa fi lọ̀ wọ́n, nítorí òùngbẹ kì í gbẹ àgbà bí ó ti ń gbẹ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni omi sì lè ti tán lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ó pọ̀ jù. Ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá tó fún òbìrìkítí kan, kí olùrànlọ́wọ́ kan sì wà pẹ̀lú yín. Wákàtí kan ti tó. Bí ojú wọn bá ń wúwo ní ìdajì wákàtí, ẹ parí rẹ̀ níbẹ̀. Kí ètò parí nígbà tí ó ṣì dùn sàn ju kó sú wọn lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fún kálukú níṣẹ́. Ẹnìkan ń ka ènìyàn, ẹnìkan ń pín omi, ẹnìkan ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ń ṣe adájọ́ ayò. Ẹni tí kò lè dìde lè di agbọ̀n mú lórí itan rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe nǹkan lè jókòó máa wò. Ẹ má fi ipá mú un. Wíwò náà jẹ́ wíwà níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ sọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Ẹ kọjú sí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí ó lè rí ẹnu yín. Ẹ má pariwo, ẹ kàn fara balẹ̀. Bí ẹ bá kọ nǹkan, kí lẹ́tà tóbi, kí ó dúdú lórí funfun. Bí èdè wọn bá yàtọ̀, tí ẹnìkan ń sọ Mina, tí ẹnìkan ń sọ Kabiyè, tí ẹnìkan ń sọ Kotokoli, ẹ yan ohun tí ọwọ́ ń ṣe, nítorí ọwọ́ kò nílò ògbufọ̀.

Ètò ọ̀sẹ̀ kan

Bí a ṣe ń ṣe tiwa ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ lè yí i padà bí ó bá ti bá yín mu.

Ní ọjọ́ Ajé, a ń na ara. Àwọn tí ó lè dúró, wọ́n á di ẹ̀yìn àga mú, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn tí kò lè dúró, wọ́n á jókòó, wọ́n á na apá, wọ́n á yí ọrùn ọwọ́, bí ẹni tí ó ń gúnyán, bí ẹni tí ó ń fẹ́ àgbàdo. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí ẹni tí ó ti lé ní ọdún 65 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa. Ẹni tí kò bá lè tó bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa ẹni tí àyà tàbí orúnkún ń dùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ ọwọ́ ni: aṣọ, òwú, bọ́tìnnì, irun dídì. Ní Ọjọ́rú, ayò ni. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan: ẹ̀kọ́ ìṣirò ni èyí láìsí pé a pè é ní ìṣirò. Èmi kò tíì borí bàbá aránṣọ rí. Ní Ọjọ́bọ̀, ìwé àti ìtàn ni. A ń ka lẹ́tà ẹni tí ó bá gba lẹ́tà, a ń gbọ́ ohùn tí ọmọ fi ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, a sì ń kọ ìtàn tí àgbà bá sọ sílẹ̀, ní èdè tí ó fi sọ ọ́. Mo máa ń mú ìtàn wọ̀nyí lọ sí kíláàsì mi, ó sì di ohun kíkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Lomé ń sọ Mina àti Faransé, tí Yorùbá wọn kò já gaara. Bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyí sílẹ̀ nísinsìnyí, ta la ó bi léèrè lọ́la?

Ní ọjọ́ Jímọ̀, a ń dúró de àwọn tí ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn náà àwọn tí ó bá fẹ́ á bá wa ṣa ẹ̀wà fún oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀wà gidi ni, tí gbogbo ilé máa jẹ. Ẹ má kó ẹ̀wà kan náà fún wọn ní ojoojúmọ́ kí wọ́n ṣà á lásán, wọ́n á mọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wá gbọ́ àlọ́. Ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ìsinmi. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1990 fún àwọn àgbà, a ń pe àwọn ará àdúgbò wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún

Ìgbàgbé ni àkọ́kọ́. Àgbà mìíràn á bi yín léèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Á gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, ṣùgbọ́n á rántí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ bẹ́ẹ̀, àìsàn inú ọpọlọ ni. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí dandan ń bá gbogbo arúgbó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ burúkú pe ìyá rẹ̀ nítorí èyí. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má bá a jiyàn pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ni?" Ẹ dá a lóhùn bí ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì rántí lé e lọ́wọ́.

Èkejì ni ìbànújẹ́ àtijọ́. Lọ́jọ́ kan, nítorí pé ìtàn Gánà bàbá aránṣọ wù mí, mo sọ láàárín gbogbo èèyàn pé, "Ta ló tún wà ní Gánà ní ọdún 1969?" Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ojú ọ̀nà ni ọmọ rẹ̀ kú sí. N kò mọ̀. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a kò ṣe nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, ní kọ̀rọ̀ ni mo ti ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣeé sọ. Kò pọn dandan kí gbogbo ìtàn di ohun kíkà.

Ìkẹta ni ikú. Nínú ilé àgbà, àga kan á ṣófo lọ́jọ́ kan. Ẹ má yára gbé e kúrò bí ẹni pé kò sẹ́ni tí ó jókòó síbẹ̀ rí. Ẹ dárúkọ ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Orúkọ ní etí aṣọ

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ parí rẹ̀.

Nínú ilé náà, ẹjọ́ aṣọ kì í tán. Bí wọ́n bá fọ aṣọ pọ̀, ìró làgbájá á bọ́ sọ́wọ́ tàmẹ̀dò. Ìyá yìí pàdánù ìró kan báyìí, èyí tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ti kú rà fún un. A wá a, a kò rí i. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí gbogbo ẹrù rẹ̀ láyé wọ inú àpótí kan.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ní, "Àǹtí, kọ́ mi ní orúkọ mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí etí aṣọ mi, bí àwọn ará Holland ṣe kọ tiwọn." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi kọ́ lẹ́tà márùn-ún, lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ kan. Bàbá aránṣọ ní tàdáwà á ṣí lára aṣọ, pé òwú ló yẹ. Ojú rẹ̀ kò lè ríran fi òwú wọ abẹ́rẹ́ mọ́, nítorí náà èmi ló ń fi í wọ̀ ọ́, òun ló ń sọ bí a ó ṣe gún un, ìyá ló ń gún un. Lẹ́tà kan dojú kọ ẹ̀yìn. Bàbá ní kí á tú u. Ìyá ní rárá, pé báyìí ni àwọn èèyàn á fi mọ̀ pé kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ìyá náà fi ayé sílẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́ tí ó kọjá. Kò di ẹni tí ó lè ka ìwé ìròyìn. Ìró ọmọ rẹ̀ tí ó sọnù, a kò rí i títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti Kútọnu láti kó ẹrù rẹ̀, ìró mẹ́ta wà nínú àpótí tí orúkọ rẹ̀ wà ní etí wọn. Ọmọ náà ka orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ó bi mí pé, "Ta ló kọ èyí?" Mo ní, "Òun ni." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé aṣọ náà lé itan, ó fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá àgbà ti máa ń ṣe.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo igun tí àgbà ilé yín jókòó sí. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan tí ẹ kò bi í rí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti bírò.

 

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́:

1. Kí ni àṣìṣe tí olùkọ́ ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Ṣé ẹnìkan nínú yín ti ṣe irú rẹ̀ sí àgbà rí?

2. Ẹ dárúkọ àgbà mẹ́ta ní àdúgbò yín. Iṣẹ́ wo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ tí ẹ lè ní kí ó kọ́ yín?

3. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ pe àgbà tí ó ń gbàgbé nǹkan ní àjẹ́?

4. Ẹ kọ orúkọ àgbà kan nínú ilé yín sílẹ̀, kí ẹ fi hàn án, kí ẹ sì kà á fún un.